Wọ́n gba owó mi ní pápákọ̀ òfurufú, wọn kò fẹ̀sùn kàn mí: irú òfin wo rèé ní Amẹ́ríkà?

Ọmọ Ìkirè kọ:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í sábà dá sí i. Lónìí ọ̀rọ̀ ti kàn mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti wà ní Amẹ́ríkà. Mọ́tò àlòkù ni mò ń rà ní ọjà gbàǹjo, tí mò ń fi ránṣẹ́ sí Èkó nínú ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù tó kọjá, èsúsú tí àwa mẹ́wàá ń dá kàn mí. 2,000 dọ́là ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá, èmi ni ẹnì kẹrin tó kó o. Mo fi 3,600 tí mo ti tọ́jú kún un, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 23,600. Mo wọ báàlù láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, torí ọkùnrin tó fẹ́ ta ọkọ̀ akẹ́rù méjì fún mi kì í gba sọ̀wédowó. N kò kúrò nínú Amẹ́ríkà rárá. Àwọn tó ń yẹ ẹrù wò rí owó náà nínú báàgì mi, wọ́n ní kí n máa lọ.

Ẹnu ọ̀nà tí a ti ń wọ báàlù ni ọkùnrin méjì tí kò wọṣọ iṣẹ́ ti pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n fi káàdì ìjọba hàn mí. Wọ́n bi mí bóyá owó wà lọ́wọ́ mi, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí n kò ní nǹkan tí mò ń bò. Wọ́n ní níbo ni mo ti rí i, mo ní èsúsú ni. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kí èèyàn máa ṣàlàyé èsúsú fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí, nígbà tí wọ́n ń kéde pé báàlù fẹ́ gbéra. Wọ́n mú ajá wá, wọ́n ní ajá ti fi hàn pé òórùn oògùn olóró wà lára owó náà. Wọ́n kó o sínú àpò ọ̀rá, wọn kò kà á lójú mi. Ìwé pélébé tí wọ́n fún mi kò ní iye owó nínú; ohun tí wọ́n kọ ni "owó Amẹ́ríkà tí a kò tíì mọ iye rẹ̀". Mo ní, "Ṣé ẹ ń mú mi ni?" Wọ́n ní rárá o, kí n máa lọ wọ báàlù mi.

Mo wọ̀ ọ́. Mo jókòó sáàárín èrò, omi ń bọ́ lójú mi bí ọmọdé.

Lẹ́tà wọn ti wá dé báyìí. Wọ́n ní mo lè tọrọ àánú, tàbí kí n búra pé owó náà jẹ́ tèmi, wọ́n sì dá ọjọ́ fún mi. Mo ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí ẹ̀sùn kankan nínú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe? Ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n, kó jọ̀wọ́ là mí lọ́yẹ̀: báwo ni ìjọba ṣe ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọn kò fẹ̀sùn kàn?

Akọ̀wé Lọ́yà kọ:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á dá a padà. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò, irú lẹ́tà yìí kọ́ ni àkọ́kọ́ tí mo máa rí. Èmi fúnra mi kì í ṣe lọ́yà. Ẹ wá lọ́yà tó mọ iṣẹ́ yìí gan-an, ẹ má lọ bá ẹni tó kàn ń ṣe ìwé ìgbélùú.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sùn lónìí, ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí lẹ́tà yẹn. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2000 sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí yín láàárín 60 ọjọ́ tí wọ́n bá gba nǹkan yín, ó sì fún yín ní ọjọ́ 35, ó kéré tán, láti ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá kọjá tí ẹ kò fèsì, owó ti di tìjọba nìyẹn, adájọ́ kankan kò sì ní fojú kàn án. Ọ̀nà yìí ni ọ̀pọ̀ owó tí wọ́n ń gbà ń gbà lọ. Ẹ̀rù á ba ẹlòmíràn, òmíràn á ní owó lọ́yà ju owó tí wọ́n gbà lọ, á jáwọ́.

Ọ̀nà méjèèjì tó wà nínú lẹ́tà kò rí bákan náà o. Bí ẹ bá tọrọ àánú, iléeṣẹ́ tó gba owó náà gan-an ni yóò jókòó pinnu. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bí ẹ bá búra pé owó yín ni, ìyẹn ló lè gbé ọ̀rọ̀ dé iwájú adájọ́: láti ọjọ́ tí ìwé yín bá ti dé ọwọ́ wọn, ìjọba ní 90 ọjọ́ láti pẹjọ́, tàbí kí wọ́n dá owó padà.

Ní ti ìbéèrè yín kejì. Wọn kò ní pe ẹ̀yin lẹ́jọ́. Owó ni wọ́n máa pè lẹ́jọ́. Ẹjọ́ kan wà tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá ní 2006, orúkọ tí wọ́n kọ sí ìwé rẹ̀ ni "United States v. $124,700 in U.S. Currency". Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní apá kan, owó bébà ní apá kejì. Ọkùnrin tó ni owó náà ń wa mọ́tò tó háyà kọjá ní Nebraska. Ó kọ́kọ́ purọ́ fún ọlọ́pàá pé kò sí owó lọ́wọ́ òun. Nígbà tí wọ́n rí i, ó ní òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ló da owó jọ láti ra ọkọ̀ akẹ́rù oní-firíìjì. Wọn kò rí oògùn olóró nínú mọ́tò náà, ajá nìkan ló fi hàn pé òun gbọ́ òórùn. Adájọ́ àkọ́kọ́ dá owó padà fún un. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí i dà, wọ́n ní kí ìjọba mú un. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, owó bébà Amẹ́ríkà tó ní ìyẹ̀fun kokéènì díẹ̀díẹ̀ lára kò kéré, ọwọ́ yòówù kó wà.

Nítorí pé owó ni wọ́n pè lẹ́jọ́, ìjọba kò ní láti fi hàn láìsí iyèméjì pé ẹnì kan jẹ̀bi. Kí ó ṣáà dà bíi pé tiwọn wúwo díẹ̀ ju tiyín lọ ti tó. Ẹni tó jalè ní ẹ̀tọ́ sí lọ́yà ọ̀fẹ́ bí kò bá lówó. Ẹ̀yin kò ní i, àyàfi bó bá jẹ́ ilé tí ẹ ń gbé ni wọ́n fẹ́ gbà.

Ará Baltimore kọ:

Ẹ̀gbọ́n Ìkirè, ó dùn mí fún yín, ẹ má sì bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ní àdúgbò tí mò ń gbé, mo ti bá wọn sìnkú ọmọ méjì láàárín ọdún kan. Oògùn olóró tí wọ́n ń pè ní fentanyl ló pa wọ́n, ọ̀kan kò tíì pé ogún ọdún. Àwọn tó ń ta á kì í gbé owó wọn lọ sí báńkì. Inú báàgì ló ń wà, báàlù àti bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń gbé e kiri. Bí ìjọba bá ní kí òun dúró títí kóòtù á fi dá wọn lẹ́bi, owó á ti kúrò nílẹ̀. Èmi fara mọ́ ọn pé kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ tún jẹ́ kí n bi yín: kí ló dé tí a kò lè lo báńkì? Àwa fúnra wa la ń fa ìfura sórí ara wa.

Olùkọ́ Ìtàn kọ:

Ará Baltimore, ikú àwọn ọmọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, Ọlọ́run má jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ yẹn gan-an ni ìjọba sọ nígbà tí wọ́n ń fẹ òfin yìí lójú. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó.

Ìtàn Amẹ́ríkà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní Atlanta, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sì máa ń mú mi lọ́kàn ní gbogbo ọdún. Kí Amẹ́ríkà tó di orílẹ̀-èdè, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn aṣọ́bodè ní ìwé àṣẹ kan tí wọ́n lè fi wọ ilé onílé, ṣọ́ọ̀bù àti ọkọ̀ láti wá ẹrù fàyàwọ́. Ìwé náà kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, kò sọ ibi tí wọ́n máa wọ̀. Ní Boston, ní oṣù kejì ọdún 1761, lọ́yà kan tó ń jẹ́ James Otis dìde sí i ní kóòtù, nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ló fi rojọ́. John Adams, tó wá di ààrẹ lẹ́yìn náà, wà níbẹ̀. Lọ́yà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè ni nígbà náà, títí tó fi darúgbó ló ń sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn. Otis kò borí. Àmọ́ ìbínú yẹn wà lára ohun tó bí Àtúnṣe Kẹrin nínú ìwé òfin wọn, tó di òfin ní 1791: wọn kò gbọ́dọ̀ yẹ ara ẹni, ilé ẹni, ìwé ẹni àti ẹrù ẹni wò láìnídìí, bẹ́ẹ̀ ni ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọ́n ń wá àti ohun tí wọ́n ń wá. Àtúnṣe Karùn-ún ní kí wọ́n má gba dúkìá ẹnikẹ́ni láìtẹ̀lé ìlànà òfin.

Báwo wá ni owó ṣe ń di ẹlẹ́jọ́? Inú òkun ló ti wá. Ẹni tó ni ọkọ̀ fàyàwọ́ lè wà ní Spéènì tàbí ní Cuba, ọwọ́ kò lè tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ ni ọwọ́ tẹ̀, ọkọ̀ ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Ní 1827, nínú ẹjọ́ ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Palmyra, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ pé kò dìgbà tí wọ́n bá dá èèyàn lẹ́bi kí wọ́n tó gba ọkọ̀. Mi ò ní fi òótọ́ pamọ́ fún yín: irú òfin kan náà ni wọ́n lò láti fi gba ọkọ̀ àwọn tó ń kó ẹrú. Òfin 1794 sọ pé ọkọ̀ tí wọ́n bá múra rẹ̀ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti lọ kó ẹrú fún ilẹ̀ mìíràn, kí ìjọba gbà á. Àwa tí ìran wa bọ́ sínú àwọn ọkọ̀ yẹn kò lè sọ pé òfin náà kò wúlò fún nǹkan kan rí.

Ibi tí ó ti bàjẹ́ ni 1984. Ṣáájú ìgbà yẹn, ohun tí ìjọba àpapọ̀ bá gbà ń lọ sínú àpò gbogbogbòò. Láti 1984, inú àpò kan tí iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ àti àwọn agbófinró ń ná ló ń lọ. Bí ọlọ́pàá ìbílẹ̀ bá bá ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n lè gba tó ìdá 80 nínú 100 padà. Ẹ rò ó wò: ẹni tó ń pinnu bóyá owó yín ń rùn ni yóò fi owó náà ra mọ́tò iṣẹ́. Gbogbo ohun tí Otis sọ ní Boston ti wà lẹ́yìn odi níbẹ̀. Ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ wà lókè òkun ni òfin yìí wà fún. Ẹ̀gbọ́n Ìkirè dúró níwájú wọn, ó ní ìwé ìdánimọ̀, ó ní àdírẹ́sì, ó sì ń fèsì ìbéèrè wọn.

Nọ́ọ̀sì Òru kọ:

Mo ka ọ̀rọ̀ yìí ní àkókò ìsinmi mi níbi iṣẹ́, n kò lè jẹun mọ́.

Ẹ rántí nọ́ọ̀sì ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Texas? Ní ìparí oṣù kẹwàá 2017, ó fẹ́ wọ báàlù ní Houston lọ sí ilé pẹ̀lú 41,377 dọ́là. Ọdún púpọ̀ ló fi tọ́jú owó yẹn, ilé ìwòsàn fún àwọn obìnrin àti ọmọdé ló fẹ́ fi ṣí. Kò mọ̀ pé ẹni tó bá ń gbé ju 10,000 lọ jáde gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù. Àwọn aṣọ́bodè gba gbogbo rẹ̀. Ó búra pé owó òun ni, bí Akọ̀wé ṣe sọ lókè yẹn, 90 ọjọ́ sì kọjá láìjẹ́ pé ìjọba pẹjọ́. Òfin ní kí wọ́n dá a padà. Dípò bẹ́ẹ̀, lẹ́tà dé ní oṣù kẹrin 2018 pé àwọn máa dá a padà bó bá fọwọ́ sí ìwé pé kò ní pe ìjọba lẹ́jọ́ láé lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó kọ̀. Òun ló pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n sì dá owó náà padà.

Èmi náà ti gbé owó lọ sílé rí, nígbà òkú bàbá mi. Owó mọ̀lẹ́bí mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá ń bi wá pé kí ló dé tí a kì í lo báńkì, kó wá bá mi ka iye tí báńkì ń gé lórí owó tí a fi ń ránṣẹ́, kó wá wo ìyá mi tó jókòó sí báńkì láti aago mẹ́jọ àárọ̀ tí wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti ní owó lọ́wọ́.

Ará Baltimore kọ:

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyá yẹn kò kọ fọ́ọ̀mù. Òfin ni òfin. Ṣé bí èèyàn bá kọ̀ láti sọ òótọ́ fún aṣọ́bodè, kí wọ́n kàn ní kó máa lọ ni?

Akọ̀wé Lọ́yà kọ:

Ẹ jẹ́ ká ya méjì sọ́tọ̀. Bí o bá ń lọ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn bíi ti ẹ̀gbọ́n, kò sí fọ́ọ̀mù kankan, bó ṣe wù kí owó náà pọ̀ tó. Bí o bá ń kúrò ní Amẹ́ríkà tàbí tí o ń wọlé, kò sí òfin tó ní kí o má gbé owó. Ohun tí òfin ní ni pé kí o kọ ọ́ sílẹ̀ bó bá ju 10,000 lọ.

Ìjìyà ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ ni wọ́n gbé dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní 1998. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hosep Bajakajian, ará Armenia tó dàgbà ní Síríà, fẹ́ rìnrìn-àjò láti Los Angeles lọ sí Cyprus ní 1994. 357,144 dọ́là ni wọ́n bá lọ́wọ́ òun àti ìdílé rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ àpótí. Irọ́ ló pa nígbà tí wọ́n bi í. Adájọ́ wádìí, ó rí i pé owó náà mọ́, gbèsè ló fẹ́ lọ san, ìbẹ̀rù ìjọba tó bá a dàgbà ló jẹ́ kó purọ́. Ìjọba ní àwọn máa mú gbogbo rẹ̀. Adájọ́ márùn-ún lòdì sí mẹ́rin, wọ́n ní rárá, ìjìyà náà ti pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ: irọ́ lórí fọ́ọ̀mù ni, kì í ṣe olè. Wọ́n gba 15,000 lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì san owó ìtanràn.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. September 11, 2001 dé. Láàárín ọjọ́ 45, wọ́n ti kọ òfin tí wọ́n pè ní Patriot Act, ààrẹ sì fọwọ́ sí i ní October 26. Ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, 98 fara mọ́ ọn, ẹyọ ẹnì kan péré, Russ Feingold ti ìpínlẹ̀ Wisconsin, ló lòdì sí i. Gbogbo wa mọ òfin yẹn mọ́ ọ̀rọ̀ fóònù, nítorí apá kan nínú rẹ̀ ni wọ́n gùn lé tí wọ́n fi ń kó àkọsílẹ̀ ìpè àìmọye èèyàn jọ, tí àṣírí rẹ̀ tú ní oṣù kẹfà 2013. Ìyẹn, kóòtù wá sọ ní 2015 pé òfin kò fún wọn láyè tó bẹ́ẹ̀, ilé aṣòfin sì gé e kù. Apá tí kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni ni apá 371. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ kíkó owó pamọ́ kọjá ibodè di ẹ̀ṣẹ̀ tuntun, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ló lè jẹ́, pẹ̀lú gbígba owó náà. Ohun tí àwọn adájọ́ ti dá padà fún aráàlú lẹ́nu ọdún mẹ́ta ṣáájú, wọ́n gba púpọ̀ nínú rẹ̀ padà lábẹ́ orúkọ apániláyà. Bí òmìnira ṣe ń lọ nìyẹn. Ìgbà tí ẹ̀rù bà wá ni wọ́n máa ń wá, wọ́n á di ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀, a ó sì fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Ìyá Onírun kọ:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Irun ni mò ń dì, owó tí wọ́n ń san fún mi, owó lọ́wọ́ ni. Mo máa ń gbé e lọ sí báńkì ní ọjọ́ Ajé, nígbà mìíràn 6,000, nígbà mìíràn 9,000 bó bá jẹ́ àsìkò Kérésì. Ọmọbìnrin kan ní báńkì sọ fún mi nígbà kan pé kí n má jẹ́ kó tó 10,000 kí ìwé má baà pọ̀. Mo rò pé inúure ló ṣe fún mi. Ṣé ìyẹn náà lè di wàhálà?

Akọ̀wé Lọ́yà kọ:

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀lé ìmọ̀ràn ọmọ yẹn mọ́. Láti 1970 ni báńkì ti gbọ́dọ̀ fi tó ìjọba létí bí owó lọ́wọ́ tí èèyàn mú wá bá ju 10,000 lọ. Ìwé lásán ni, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ láti 1986 ni pé kí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ gé owó rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ kí báńkì má baà kọ ìwé yẹn, ì báà jẹ́ owó tó mọ́ bí omi òjò. Bí 6,000 ni ẹ rí, ẹ gbé 6,000 lọ. Bí 12,000 ni, ẹ gbé e lọ pọ̀.

Obìnrin kan ní Iowa, oúnjẹ Mexico ló ń tà, kì í gba káàdì. Ìyá tó bí i ló kọ́ ọ pé kó má jẹ́ kó tó 10,000, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì. Ní 2013 àwọn agbowó-orí gba gbogbo ohun tó wà ní àkáǹtì rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 33,000 dọ́là. Kò jẹ owó orí, kò ta oògùn. Lẹ́yìn tí ariwo pọ̀ ni wọ́n dá a padà, ní 2014 wọ́n ní àwọn kò ní máa gba owó tó bá ti ọ̀nà mímọ́ wá mọ́, ní 2019 ó wá di òfin.

Ìyá Onírun kọ:

Ọmọ mi, o ṣé. Èmi ń sá fún wàhálà, mo sì ń rìn lọ bá a.

Ọmọ Ìbàdàn kọ:

Ẹ ṣé o. Ilé ni mo wà, ní Mókọ́lá, n kò gbé Amẹ́ríkà rí. Mo kàn fẹ́ rán yín létí pé a ní irú rẹ̀ nílé. Apá 17 nínú òfin tí wọ́n ṣe lórí jìbìtì ní 2006 fún EFCC láyè láti ní kí adájọ́ gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá láìjẹ́ pé wọ́n dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, òfin 2022 sì tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí mílíọ̀nù 43 dọ́là nínú ilé kan ní Ìkòyí ní oṣù kẹrin 2017, tí ẹnikẹ́ni kò jáde wá ní kóòtù pé òun ló ni ín, inú gbogbo wa dùn pé kí ìjọba mú un. Inú èmi náà dùn. Mo ṣì rò pé ó tọ́.

Nítorí náà n kò lè sọ pé kí òfin yẹn má sí. Owó tí kò ní bàbá yàtọ̀ sí owó tí olówó rẹ̀ dúró níbẹ̀ tó ń sunkún.

Dẹ́rẹ́bà Tírélà kọ:

Ọ̀nà ni mo wà, ẹ jẹ́ kí n yára sọ tèmi. Kì í ṣe gbogbo ìpínlẹ̀ ló rí bákan náà. New Mexico fòpin sí i ní 2015: ìgbà tí kóòtù bá dá ọ lẹ́bi ni wọ́n lè mú dúkìá rẹ, àpò gbogbogbòò ló sì ń lọ. Ní 2019, gbogbo àwọn adájọ́ mẹ́sàn-án ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fẹnu kò lórí ẹjọ́ Tyson Timbs ti Indiana. Ó ta heroin díẹ̀ fún ọlọ́pàá tó díbọ́n, ó gbà pé òun jẹ̀bi. Owó ìtanràn tó ga jù fún ẹ̀ṣẹ̀ náà jẹ́ 10,000, wọ́n gba mọ́tò 42,000 tó fi owó ìbánigbófò tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ rà. Kóòtù ní òfin tó ní kí ìjìyà má pọ̀ jù de àwọn ìpínlẹ̀ náà. 2020 ló tó rí mọ́tò rẹ̀ gbà.

Ní 2024 wọ́n tún já wa kulẹ̀. Obìnrin méjì ní Alabama, ẹlòmíràn ló gbé oògùn sínú mọ́tò wọn. Ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó rí i gbà. Ohun tí wọ́n bèèrè kò ju pé kí adájọ́ tètè gbọ́ wọn bóyá ó tọ́ kí ìjọba di mọ́tò mú. Adájọ́ mẹ́fà ní kò pọn dandan, mẹ́ta ní ó yẹ.

Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà, àwọn olùyẹ̀wò ìjọba tú àṣírí pé òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ báàlù kan ń fi orúkọ àwọn èrò tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lójijì ránṣẹ́ sí DEA, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti oògùn olóró, wọ́n sì ń fún un ní ìpín nínú owó tí wọ́n bá gbà. Wọ́n ní kí DEA dá yíyẹ èrò wò bẹ́ẹ̀ dúró. Ìyẹn kò kan àwọn ọlọ́pàá yòókù.

Ará Baltimore kọ:

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè. N kò tíì yí ọkàn padà lórí àwọn tó ń ta fentanyl; bí adájọ́ bá dá wọn lẹ́bi, kí wọ́n gba ilé, kí wọ́n gba bàtà. Ṣùgbọ́n ti òṣìṣẹ́ báàlù yẹn kò jẹ́ kí n sùn. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ni. Èyí tí kò tilẹ̀ gbẹ́jọ́ ẹnì kan, tó tún ń jẹ nínú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n Ìkirè, mo tọrọ àforíjì fún bí mo ṣe kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá nílò ẹni tó máa kọ ìwé ẹ̀rí nípa èsúsú, pé àwa Yorùbá ń dá a láti ayébáyé, ẹ fi orúkọ mi kún un.

Ọmọ Ìkirè kọ (ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà):

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Mo ṣe bí Akọ̀wé ṣe wí. Mo rí lọ́yà, a búra pé owó mi ni, a fi ìwé náà ránṣẹ́ ní ọ̀nà tí wọ́n fi máa fọwọ́ sí i pé ó dé. Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tá a jọ ń dá èsúsú kọ orúkọ wọn àti oṣù tí kálukú ń kó. Ìyá tó ń dá èsúsú náà jọ mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wá, èyí tó ti ń lò láti 2011, ó ní kí n gbé e lọ bó bá máa ràn mí lọ́wọ́.

Lánàá, wọ́n pe lọ́yà mi. Wọ́n ní àwọn máa fún mi ní ìdajì, kí n fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ ti parí, n kò sì ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ìdajì jẹ́ 11,800. Ẹni mẹ́fà ló kù tó máa kó lẹ́yìn mi, 12,000 ni gbèsè tó wà lọ́rùn mi lọ́jọ́ tí wọ́n gba owó náà. Ìdajì tí wọ́n fẹ́ ta mí lọ́rẹ kò tó san án. Mo ti yá owó san ti oṣù yìí, mò ń fi mọ́tò mi gbé èrò lálaalẹ́ kí n lè san ti oṣù tó ń bọ̀, torí obìnrin tó kàn ní ọmọ tó fẹ́ wọ yunifásítì.

Ìyàwó mi ní kí n gbà á, ká sinmi. Mo ronú sí i di òru. Bí mo bá fọwọ́ sí i, ohun tí mo kọ sílẹ̀ ni pé ìdajì owó náà jẹ́ ti olè. Mo pe lọ́yà láàárọ̀ yìí, mo ní kó sọ fún wọn pé rárá.

Ọjọ́ 22 ló ti lọ nínú 90.